Gáàsì Kọ́ Ló Tán: Ọ̀rọ̀ Iná Nínú Eésì àti Hítà Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí eésì ọkọ̀ àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, gbólóhùn kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá yí ọkọ̀ náà ká: gáàsì ti tán. Onímọ́tò gbà bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń rọ gáàsì lẹ́bàá títì kò sì ní í jiyàn. Wọ́n á rọ ọ́ sí i. Bí kò bá tutù síbẹ̀, ìmọ̀ràn kejì ni kí wọ́n pe ríwáyà kó wá ṣe é ní "dáírẹ́ẹ̀tì", ìyẹn ni kó fa wáyà láti orí bátìrì lọ bá fáànù tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ní tààrà, kó fo gbogbo ohun tó wà láàárín. Ìmọ̀ràn méjèèjì ló ṣìnà, ohun kan náà ló sì mú wọn ṣìnà: kò sí ẹni tó wọn nǹkan kan kó tó dájọ́.

Ọ̀rọ̀ náà "tán" ló yẹ kí á kọ́kọ́ bá wí. Epo bẹntiróòlù ń tán nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń jó o. Gáàsì eésì kì í jóná. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yípo: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, yóò gbóná, rédíétọ̀ eésì tó wà níwájú ọkọ̀ á gba ooru lára rẹ̀, yóò di olómi, yóò gba ojú ihò tóóró kan kọjá, yóò sì di atẹ́gùn padà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tó ti ń fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra, lẹ́yìn náà yóò padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Gáàsì kan náà ni, lójoojúmọ́, lọ́dọọdún. Bí ó bá dín, a jẹ́ pé ó jò ni. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó ti gbó máa ń jò lóòótọ́, rọ́bà ẹnu ọ̀pá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà máa ń jò, kò sì sí ẹni tó lè sẹ́ èyí nínú ọkọ̀ tó ti lo ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó rọ gáàsì láìwá ibi tó ń jò kò tún nǹkan kan ṣe. Ẹni tó sì rọ ọ́ nígbà tí kò jò rárá ti dá àìsàn tuntun sílẹ̀, nítorí pé gáàsì tó bá pọ̀ jù máa ń ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lára, ìtutù rẹ̀ á sì dín kù dípò kó lé sí i.

Ti ọkọ̀ àtijọ́ tún le ju èyí lọ. R12 ni gáàsì tí àwọn tó ṣe wọ́n fi sínú wọn. Àdéhùn Montreal ti 1987 ló fòpin sí R12 nítorí ìpalára tó ń ṣe fún ìpele ozone, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ sì ṣíwọ́ ṣíṣe é ní òpin 1995. R134a ló rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n R134a kì í bá ọ́ìlì tó wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́ pò pọ̀. Gáàsì ló sì ń gbé ọ́ìlì káàkiri. Ẹni tó bá da R134a lé orí ọ́ìlì àtijọ́ nítorí pé "gáàsì ti tán" lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé wáyà kan tí kò fara kan irin dáadáa ni gbogbo ẹ̀sùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mercedes-Benz W123, tí wọ́n ṣe láàárín 1975 sí 1986, dára fún àpẹẹrẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.7 tí wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ sì wọ Nàìjíríà, àwọn kan ṣì ń rìn lójú títì Ìbàdàn àti Èkó títí dòní. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni iná ń gbà bá eésì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ lọ láti bátìrì sí fíúùsì, sí súìṣì, sí rẹsísítọ̀ tó ń dín eré fáànù kù, sí fáànù fúnra rẹ̀, ó sì gba ara ọkọ̀ padà sí ẹnu nẹ́gétífù bátìrì. Ti èkejì gba fíúùsì, ó gba súìṣì eésì, ó gba tẹmọsítáàtì tí kì í jẹ́ kí yìnyín dì, ó gba súìṣì tó ń ṣọ́ gáàsì inú páìpù, kó tó dé kọ́ìlì tó ń fa kúlọ́ọ̀ṣì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mọ́ra. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọ̀nyí tí kò lè sọ ara rẹ̀ di ohun tó jọ "gáàsì tán" lójú ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀.

Fíúùsì ni ibi tó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Ti W123 kì í ṣe olójú pẹlẹbẹ bí ti òde òní. Ó rí gbọọrọ, orí rẹ̀ méjèèjì sì ṣe ṣóńṣó: funfun jẹ́ ámpù 8, pupa 16, aláwọ̀ aró 25. Irin pẹlẹbẹ kan ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ètí irin méjì tó ní ìtẹ̀sí bíi sípíríǹgì ló sì dì í mú. Ìtẹ̀sí náà máa ń rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí irin fíúùsì bá jẹ́ alumíníọ̀mù, awọ fẹ́lẹ́ kan á bò ó tí iná kì í fẹ́ gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ní ọkọ̀ yìí ló mọ̀ pé bí fáànù bá kú, tí a bá fi ìka yí fíúùsì rẹ̀ lójú ibi tó wà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, fáànù lè jí. Fíúùsì náà kò jó. Ẹni tó bá fi ojú wò ó nìkan yóò ní ó dára, yóò sì lọ máa wá ẹ̀bi sí ibòmíràn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827 sọ pé iye fọ́ọ̀tì tó ń sọnù ní ibi kan ni iye ámpù tó ń kọjá níbẹ̀ nígbà iye óòmù ìdènà rẹ̀. Kí á gbà pé fáànù ń fa ámpù 20 nígbà tí a bá yí i dé òpin. Kí á tún gbà pé ìdọ̀tí orí fíúùsì jẹ́ óòmù 0.1 péré, èyí tó kéré débi pé mítà olówó pọ́ọ́kú kò lè kà á dáadáa. Fọ́ọ̀tì 2 ti sọnù níbẹ̀. Nínú 12, 10 ló kù fún fáànù. Kò sì parí síbẹ̀: fọ́ọ̀tì 2 nígbà ámpù 20 jẹ́ wáàtì 40, ooru ni gbogbo rẹ̀ sì ń dà. Irin tí àwọn atúnrédíò fi ń yọ́ òjé, wáàtì 40 wà lára wọn. Bí ẹni gbé irin ayọ́jé kan sínú àpótí fíúùsì ni, tó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn. Ìdí nìyí tí ṣíṣu inú àpótí fíúùsì fi máa ń yọ́ tí fíúùsì fúnra rẹ̀ kò sì ní í jó, nítorí pé iná tó pọ̀ jù ni fíúùsì ń dènà, ìdọ̀tí sì ń dín iná kù ni. Ojú fíúùsì kò ká ewu yìí rárá.

Ibí yìí ni tẹ́sítà onígílóòbù ti ń tan ríwáyà jẹ. Ó fi ẹnu rẹ̀ kan wáyà fáànù, gílóòbù tàn, ó sì kéde pé iná dé ibẹ̀. Iná dé ibẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gílóòbù kékeré náà ń fa nǹkan bí ìdá mẹ́rin ámpù kan. Ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, óòmù 0.1 kò jẹ ju ìdá ogójì fọ́ọ̀tì kan lọ, ojú kò sì lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Wáyà tó ti já tó ku okùn kan ṣoṣo nínú ọgbọ̀n yóò tan gílóòbù yẹn rekete, kò sì ní í lè yí fáànù. Mítà náà ń ṣìnà bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá yọ fáànù kúrò kí wọ́n tó wọn iná, nítorí pé kò sí ẹrù lórí wáyà. Àfi kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tí fáànù wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹnu mítà kan wà lórí pọ́sítífù bátìrì, kí èkejì wà lórí pọ́sítífù fáànù, kí wọ́n tan fáànù dé òpin. Ohun tí mítà bá kà ni iye tó ń sọnù lójú ọ̀nà. Bí ó bá ju ìdajì fọ́ọ̀tì lọ, ẹ̀bi wà níbẹ̀, a ó sì máa sún ẹnu mítà kejì sẹ́yìn, láti ibùdó dé ibùdó, títí tí iye náà yóò fi já wálẹ̀ lójijì. Láàárín ibùdó méjì yẹn ni àrùn wà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì sí owó kankan tó lọ sí i.

Ohun tí a ṣe lápá pọ́sítífù ni kí á ṣe lápá nẹ́gétífù pẹ̀lú, apá yìí ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Iná tó bá jáde kúrò nínú bátìrì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Nínú ọkọ̀ Jámánì, wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì máa ń kó púpọ̀ nínú wọn jọ sábẹ́ nọ́ọ̀tì kan lára irin ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì yẹn á dípẹtà. Ìgbà mìíràn, panẹbítà ti fi ọ̀dà kun ojú irin náà nígbà tó ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, kò sì sí ẹni tó rántí ha á kúrò. Fáànù á máa rọra yí, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú bí eésì bá ti wọlé, wọ́n á sì ní ọtanétọ̀ ti ń kú. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, omi kíkan díẹ̀ àti gírísì tó lè ta omi dànù ni oògùn rẹ̀.

Fáànù fúnra rẹ̀ ń sọ àrùn rẹ̀ bí a bá fetí sí i. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí a yí i dé òpin nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ìpele kéékèèké kò dáhùn, rẹsísítọ̀ ló já, nítorí pé ìpele tó ga jù nìkan ni kì í gba inú rẹsísítọ̀ kọjá. Bí kò bá dáhùn rárá àfi tí wọ́n bá gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti jẹ tán. Bí ó bá sì ń hu, bẹ́ríìnì rẹ̀ ti gbẹ, fáànù tí bẹ́ríìnì rẹ̀ gbẹ sì ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Òun gan-an ló máa ń jó rẹsísítọ̀ tuntun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí àwọn ènìyàn á fi ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Nínú gbogbo èyí, kí ni dáírẹ́ẹ̀tì wò sàn? Fáànù á máa yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpele kan ṣoṣo, láìsí fíúùsì. Ọjọ́ tí ara wáyà yẹn bá gé lójú ihò irin tí wọ́n gbà kọjá, bátìrì yóò tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpù sínú rẹ̀, kò sì ní í sí ohun kankan tí yóò dá a dúró títí tí iná yóò fi sọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Àrùn kan wà tó jọ "gáàsì tán" ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì yẹ kí á dúró tì í díẹ̀. Ọkọ̀ kúrò ní Ìbàdàn láàárọ̀, eésì ń tutù nini. Ó wọ gosílóò ní Bẹ́ńgà ní Èkó, ẹ́ńjìnnì gbóná, lẹ́yìn ìdajì wákàtí atẹ́gùn náà gbóná. Wọ́n pa ọkọ̀, wọ́n sinmi fún wákàtí kan, ó tún tutù. Gáàsì kì í tán kó tún padà wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbà ni wọ́n fi ṣe kọ́ìlì kúlọ́ọ̀ṣì, ìdènà bàbà sì máa ń fi nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i fún ìwọ̀n ooru Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì tó jẹ́ óòmù 3.6 nígbà tó tutù yóò tó 4.7 nígbà tí ooru ẹ́ńjìnnì bá sún un dé 100. Lábẹ́ fọ́ọ̀tì 12, ámpù 3.3 ló ń fà láàárọ̀, 2.5 ló ń fà nínú gosílóò. Bí ìdọ̀tí ojú ọ̀nà bá tún jẹ fọ́ọ̀tì 2, ó di 2.1. Agbára òòfà kì í sì í dín kù bákan náà pẹ̀lú ámpù: bí ámpù bá di ìdajì, agbára náà á sún mọ́ ìdá mẹ́rin. Ní 2.1, ohun tó kù kò ju ìdá méjì nínú márùn-ún agbára òwúrọ̀ lọ. Àlàfo tó wà láàárín àwo kúlọ́ọ̀ṣì àti púlì, tó yẹ kó wà ní nǹkan bí ìdajì mìlímítà sí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, sì ti fẹ̀ nítorí jíjẹ ọdún pípẹ́. Òòfà tí agbára rẹ̀ ti rẹ̀ kò lè fo àlàfo bẹ́ẹ̀. Àwo náà á tú sílẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á dúró.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Lákòókò tí kò tutù yẹn gan-an, kí wọ́n wọn fọ́ọ̀tì lẹ́nu kọ́ìlì. Bí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀ tí àwo kò dì mọ́ púlì, àlàfo tàbí kọ́ìlì ni. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, wáṣà fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n bá yọ kúrò lẹ́yìn àwo á dín àlàfo náà kù, eésì yóò sì padà sípò láìra ohunkóhun. Bí kò bá sí fọ́ọ̀tì tàbí tí ó bá kéré, a ó padà sí ọ̀nà iná. Fáànù kékeré oníná tó wà níwájú rédíétọ̀ eésì náà tọ́ sí àyẹ̀wò ní gosílóò, nítorí pé òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bí súìṣì rẹ̀ bá kú, eésì yóò dára lójú ọ̀nà gbọọrọ, yóò sì bàjẹ́ nínú ìlú.

Súìṣì tó ń ṣọ́ gáàsì ni ibi tí dáírẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe jàǹbá tó wọ́n jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé iná kúlọ́ọ̀ṣì bí gáàsì bá jò tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé ọ́ìlì dé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mọ́. Ríwáyà á rí i pé iná dé ẹnu súìṣì yìí tí kò kọjá, á ní súìṣì ló bàjẹ́, á so wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á yí, inú oníbàárà á dùn, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń yí láìsí ọ́ìlì á sì fi irin jẹ irin títí tí fùlùfúlù rẹ̀ yóò fi tú ká inú gbogbo páìpù. Súìṣì yẹn ń sọ òótọ́. Wọ́n pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Ó yani lẹ́nu pé níbi kan ṣoṣo tí ìṣòro náà ti jẹ́ ti gáàsì ní tòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ ọ́ di ti iná.

Ní ti hítà, àwọn W123 tí wọ́n fi bọ́tìnì ṣàkóso ooru wọn láti 1981 ní fáàfù oníná kan tó ń pinnu bóyá omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì yóò wọ rédíétọ̀ kékeré ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn tó ṣe é fi ti òtútù ṣe àkọ́kọ́: bí iná kò bá dé ibẹ̀, ṣíṣí ni fáàfù náà ń wà, iná ló ń tì í. Nítorí náà, bí fíúùsì rẹ̀ bá dọ̀tí, tàbí tí òjé inú àpótí bọ́tìnì náà bá sán, omi tó gbóná tó 80 sí 90 á máa ṣàn gba inú ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan Èkó, nígbà tí eésì ń sa gbogbo ipá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń jáde á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á ní gáàsì ti tán! Kí wọ́n kàn fọwọ́ kan họ́ọ̀sì hítà méjèèjì nígbà tí wọ́n yí ooru sí òpin tútù. Bí méjèèjì bá gbóná, fáàfù wà ní ṣíṣí. Bí fọ́ọ̀tì 12 bá wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ló ya. Bí kò bá sí, àpótí bọ́tìnì tàbí fíúùsì ni. Ní ti àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà ṣáájú 1981, ẹ̀rọ alákòóso tí ilé iṣẹ́ Chrysler ṣe ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ara ṣíṣu rẹ̀ tí omi gbígbóná ń gbà kọjá sì máa ń sán.

Àwọn kan kì í wá ìdí. Wọ́n á gé họ́ọ̀sì hítà, wọ́n á so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní kí ni a fẹ́ fi hítà ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nígbà òjò, tí gíláàsì iwájú bá kún fún ìkùukùu, eésì tó gba omi inú atẹ́gùn àti hítà tó mú un gbóná díẹ̀ ló ń jọ nù ún kíákíá. Ọkọ̀ kan náà nílùú London nígbà òtútù kò ṣeé wà láìsí i.

Àtakò méjì ló yẹ kí á dáhùn. Àkọ́kọ́ ni pé wáyà ọkọ̀ àtijọ́ ti gbó, kí wọ́n kúkú tú gbogbo rẹ̀ dànù. Bàbà tó wà nínú ike kì í tètè gbó. Orí rẹ̀ ló ń gbó, níbi tó ti fara kan irin. Bí wọ́n bá sì tú u, wọ́n tú èdè rẹ̀ dànù pẹ̀lú. Nínú ọkọ̀ Jámánì, nọ́ńbà 30 jẹ́ iná tó ti orí bátìrì wá tààrà, 15 jẹ́ èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń tàn, 31 jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ìlànà DIN 72552 ló sì tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi wáyà ilé pupa kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo rẹ̀ ti sọ ọkọ̀ náà di ìwé tí ẹlòmíràn kò lè kà. Wáyà ilé olókùn kan tó le gbagidi kò sì lè fara da gbígbọ̀n ọkọ̀ bí olókùn wẹ́wẹ́ ti ń ṣe. Kíkán ló máa ń kán.

Èkejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ: oníbàárà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Gáàsì ṣeé fojú rí, ó ní iye. Wákàtí tí ríwáyà fi tẹ̀ síwájú fíúùsì pẹ̀lú mítà kò jọ iṣẹ́ lójú ẹni tó dúró tì í. Òótọ́ ni, ìnira ríwáyà sì ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó ti ra gáàsì nígbà mẹ́ta, rẹsísítọ̀ méjì àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ kan láti ọjà Ládípọ̀ ti san owó àyẹ̀wò ní ìlọ́po ìlọ́po láìrí àyẹ̀wò gbà. Kí ríwáyà dárúkọ owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kó sì fi ohun tí mítà kà han oníbàárà. Nọ́ńbà ojú mítà kì í ṣòro gbà gbọ́.

Bí ìwádìí ṣe yẹ kó tò nìyí. Bátìrì ni àkọ́kọ́: fọ́ọ̀tì 12.6 nígbà tí ọkọ̀ sinmi, nǹkan bí 13.8 sí 14.4 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sí iye tí a wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ tó ní ìtumọ̀ bí bátìrì kò bá pé. Lẹ́yìn náà ni fíúùsì, tí wọ́n yóò yọ, tí wọ́n yóò fọ ojú rẹ̀, tí wọ́n yóò sì fi oníbàbà pààrọ̀ alálumíníọ̀mù. Ẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e. Fáànù wá kàn, lábẹ́ ẹrù, ní pọ́sítífù àti nẹ́gétífù. Lẹ́yìn rẹ̀ kúlọ́ọ̀ṣì, ní òtútù àti ní gbígbóná. Lẹ́yìn rẹ̀ fáànù iwájú, àti fáàfù hítà. Nígbà tí gbogbo èyí bá ti jẹ́rìí fún ara wọn ni kí wọ́n tó so gééjì mọ́ páìpù eésì. Bí gáàsì bá dín, omi ọṣẹ lójú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi ibi tó ń jò hàn, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa gbogbo atẹ́gùn àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, wọ́n á sì gbé agolo gáàsì lé òṣùwọ̀n, kí wọ́n má fi jù, kí wọ́n má sì fi dín sí iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sílẹ̀ fún un.